Kúnlẹ̀ nínú aṣọ ìdána yẹn kó o tó san balance
Àbúrò mi, mo kí ẹ kú ìmúra o. O ní ìdána àti ṣọ́ọ̀ṣì máa bọ́ sọ́jọ́ kan náà, o wá ń béèrè bóyá kó o rán gáùn funfun àbí kó o yá a, àti pé kí lo máa wọ̀ sí ìdána.

Gáùn funfun, yá a jàre. Ìgbà tó o máa wọ̀ ọ́ ò pẹ́, tó o bá sì rán an inú àpótí ló máa wà. Kó o ṣáà bi ṣọ́ọ̀ṣì yín léèrè kó o tó sanwó, torí ọ̀pọ̀ wọn ni ò gbà kí èjìká ìyàwó hàn síta.

Ti ìdána gan-an ni kó o fara balẹ̀ wò, torí ìkúnlẹ̀ lọjọ́ yẹn. Wàá jó wọlé, wàá kúnlẹ̀ fún bàbá àti màmá ẹ, wàá tún kúnlẹ̀ fáwọn àna, wàá bẹ̀rẹ̀ mú Bíbélì láàárín ẹrù ìdána, wàá nawọ́ sókè dé fìlà fún ọkọ ẹ. Télọ̀ tó rán tèmi mọ léèsì í rán lóòótọ́, àmọ́ ó ki kọ́sẹ́ẹ̀tì tó ń fún ikùn pinpin bọ inú ẹ̀, orí ìdúró nìkan ló ti wọ̀n ọ́n fún mi, mo ní kí n jókòó wò ó ó ní rárá, pé bíìdì á já. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ níwájú bàbá ọkọ mi báyìí, síìpù ẹ̀yìn ya látòkè délẹ̀. Alága ìjókòó ló sáré fi ìborùn ẹ̀ bò mí tó dá orin sílẹ̀ kójú èrò lè kúrò lára mi, mo ṣì ń ṣàdúrà fún màmá yẹn dòní. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú àdúrà tí bàbá ń gbà fún wa, nínú fídíò gan-an orin ti bo ohùn wọn, bàbá sì ti dolóògbé báyìí. Ó ń dùn mí gan-an.

Nígbà tó kan àbúrò mi obìnrin, mo ní a ò fẹ́ síìpù kankan, ìró àti bùbá aṣọ òkè la ṣe. Èyí tí wọ́n fọwọ́ hun n'Ísẹ́yìn ni o, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń ti orí òfì bọ̀ kí wọ́n tó rán an pọ̀, tó bá fún wọ́n á fi tẹ́ẹ́rẹ́ kan kún un, ìró náà sì ṣeé tú kéèyàn tún un ró. Ó wúwo díẹ̀, ó sì ń mooru, ẹ wá ibi tí fáànù wà. Tí màmá àgbà bá ní aṣọ òkè àtijọ́ bíi sányán tàbí ẹtù nínú àpótí, tọrọ ẹ̀ kó o tó ra tuntun, ó máa ń lálòpẹ́ gan-an.

Tó o bá lọ wọ̀n ọ́n, wọ bàtà tó o máa wọ̀ lọ́jọ́ náà, wé gèlè, kúnlẹ̀ kó o dìde, jókòó, nawọ́ sókè. Télọ̀ tó bá ní o ò lè jókòó nínú aṣọ, má san balance fún un.

Oṣù wo lẹ fi sí gan-an? Tó bá jẹ́ Disẹ́ńbà, tètè ránṣẹ́ sáwọn ahunṣọ báyìí, torí iṣẹ́ máa ń pọ̀ lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn.