Ṣé Màmá Tó Kú Ló Padà Wá Nínú Ọmọ Mi?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù, Alfa wa. Iléṣà ni mo ń gbé. Àwọn ọmọ mi wo fíìmù kan, nínú èyí tí ẹ̀mí kan ṣoṣo ti jẹ́ amọ̀kòkò ní Íjíbítì àtijọ́, tó kú, tó tún wá bí ọmọ ogun, tó sì tún padà wá lóde òní láti tún ohun tó ti bàjẹ́ ṣe. Ó jọ tiwa, nítorí pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ikú ìyá ọkọ mi ni mo bí obìnrin, tí àmì etí Màmá wà létí rẹ̀. Yétúndé ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí a má wulẹ̀ ṣe sàráà mọ́, kí a sì gbàgbé gbèsè aṣọ tí Màmá jẹ lọ́jà Àtákúmọ́sà, nígbà tí Màmá ti padà dé. Kí ni ẹ̀sìn wí?

Ìdáhùn: Wàálékúmù sàlámù, arábìnrin mi. Fíìmù yẹn kọ́ ló ń kọ mí lóminú. Ẹni tó wo àròsọ, tó sì mọ̀ pé àròsọ ni, kò tíì kúrò nínú ẹ̀sìn. Ẹ ṣáà jókòó ti àwọn ọmọ náà, kí ẹ là á yé wọn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ló wúwo. Nínú Súrà Al-Mu'minun, ẹsẹ 99 àti 100, Ọlọ́hun sọ pé nígbà tí ikú bá dé bá ẹlẹ́ṣẹ̀, yóò bẹ̀bẹ̀ pé kí Olúwa òun dá òun padà, kí òun lè ṣe rere tí òun fi sílẹ̀. Èsì tó gbà ni pé rárá o, nítorí pé gàgá kan ti wà lẹ́yìn wọn títí di ọjọ́ àjíǹde. Ohun tí ẹni inú fíìmù rí gbà léraléra, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹni inú ẹsẹ yìí tọrọ rẹ̀, wọn kò sì fún un. Kódà Abdullah, bàbá Jabir, tó kú sójú ogun Uhud nígbà ayé Ànábì, tọrọ pé kí Ọlọ́hun dá òun padà kí wọ́n tún pa òun nítorí Rẹ̀. Ọlọ́hun ní Òun ti pàṣẹ pé wọn kì yóò padà mọ́.

Ní ti àmì etí, ará oko kan nínú àwọn Lárúbáwá wá bá Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pé ìyàwó òun bí ọmọ dúdú. Ànábì bi í nípa àwọn ràkúnmí rẹ̀. Ó ní pupa ni wọ́n. Ṣé eléérú wà nínú wọn? Ó wà. Níbo nìyẹn ti wá? Ó ní bóyá ìran ló fà á. Ànábì ní bóyá ìran ló fa ti ọmọ rẹ náà. Ọkọ yín ló gba etí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tó sì gbé e fún ọmọ rẹ̀.

Mo wà níbi súná kan ní Òkèṣà, tí àgbàlagbà kan tó ti hewú kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tuntun tó ń sùn, tí wàrà ṣì wà ní àgbọ̀n rẹ̀, ó ní, “Yèyé mi, ẹ kú àbọ̀.” Àgbàlagbà yìí kan náà ló pa màlúù níbi fìdáù ìyá rẹ̀, níbi tí a ti ṣe àdúà títí ọ̀sán fi pọ́n pé kí Ọlọ́hun fẹ sàréè rẹ̀. Ta wá ni à ń ṣe àdúà fún? Ó wù mí kí n bi í, ẹnu mi ni kò gbà á.

Ànábì yí orúkọ obìnrin kan tó ń jẹ́ 'Asiyah, tó túmọ̀ sí aláìgbọràn, padà sí Jamilah, nítorí náà ó yá mi lára kí ẹ máa pe ọmọ yín ní orúkọ tí alfa sọ ọ́ lọ́jọ́ súná. N kò sọ pé ẹni tó ń jẹ́ Yétúndé ti dẹ́ṣẹ̀ o. Àìmọye ìyá àsàláátù wa ló ń jẹ́ ẹ láìro ìtumọ̀ rẹ̀.

Gbèsè ni kí ẹ yára sí jù. Ànábì sọ pé ẹ̀mí onígbàgbọ́ òdodo so rọ̀ mọ́ gbèsè rẹ̀ títí a ó fi san án. Àbí ọmọ ọwọ́ ni aláṣọ yóò wá sin owó lọ́wọ́ rẹ̀? Kí ọkọ yín kó owó náà lọ sọ́jà, kí ó sì dúró títí aláṣọ yóò fi fagi lé orúkọ Màmá nínú ìwé rẹ̀.