Èsì: Orí kejì PhD mi ti wà lọ́wọ́ súpáfáísọ̀ fún oṣù mẹ́rin

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tún fi “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti kà á?” ránṣẹ́ mọ́. Ojú ìwé 80 tí ẹ kó fún súpáfáísọ̀ yín, olùkọ́ tó ń darí ìwádìí yín, lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ń sá fún.

Ẹ mú ojú ìwé 10 tó ń dà yín láàmú jù jáde, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kì í ka ìwé gígùn lórí fóònù. Ẹ fi bébà kan lé e lórí, kí ẹ kọ ohun tí ẹ yí padà síbẹ̀, ọjọ́ tí ẹ máa wá gbọ́ èsì, àti ìbéèrè méjì péré, irú “Ṣé kí n yọ tíọ́rì kejì kúrò?”

Tí ẹ bá ti jọ sọ̀rọ̀ tán, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ kọ gbogbo ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe sínú ímeèlì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n lè ní kí ẹ fi nǹkan kún un lóṣù Kẹta, kí wọ́n sì bi yín lóṣù Kẹsàn-án pé ta ló ní kí ẹ fi í síbẹ̀. Ímeèlì yẹn ni ẹ̀rí yín.

Súpáfáísọ̀ tó wà nítòsí, tí iṣẹ́ kàn wọ̀ lọ́rùn, ni èyí wà fún o. Tí wọ́n bá ti jápa, ẹ lọ bá ẹni tó ń bójú tó ètò PG (ẹ̀kọ́ máàsítà àti PhD) ní ẹ̀ka yín kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ HOD, ìyẹn olórí ẹ̀ka. Súpáfáísọ̀ kejì ni kí ẹ bèèrè fún, ẹ má sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Pípààrọ̀ lè di ìjà àwọn àgbà, orí yín ni wọ́n á sì ti jà á.