Ṣé Kí N Fi Pálẹ́ẹ̀tì Kejì Ti Àkọ́kọ́ Wọ Inú Fáànù?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìkẹ́rùsí kan lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, ní Iléṣà níbí, ni mo ti ń wa forklift, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè. Ìrẹsì la máa ń kó, àpò 20 lórí pálẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn pẹpẹ onígi tí a ń to ẹrù lé. Bí fáànù oníbàárà bá dé, mo lè gbé pálẹ́ẹ̀tì kan sí ẹnu ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀kì mi, irin gígùn méjì tó ń gbé ẹrù, kò gùn dé iwájú. Ọ̀gá mi ní kí n máa fi èkejì ti àkọ́kọ́ wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni igi pálẹ́ẹ̀tì ti ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é náà nìyẹn? — Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Ìdáhùn: Àbúrò mi, rárá o. Má tì í mọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ jọ ṣírò kinní kan. Àpò 20, kílò 50 ọ̀kọ̀ọ̀kan: tọ́ọ̀nù kan gbáko, a ò tíì ka igi pálẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Pálẹ́ẹ̀tì méjì, tọ́ọ̀nù méjì. Ọ̀pọ̀ fáànù kéékèèké, tọ́ọ̀nù kan tàbí kó lé díẹ̀ ni agbára wọn. Wo irin pẹlẹbẹ ara ọkọ̀ náà tàbí ìwé rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí pálẹ́ẹ̀tì kejì tó ń dà ọ́ láàmú yìí má tilẹ̀ ní ohun tó ń wá níbẹ̀.

Tí o bá ń ti ẹrù, o ò rí iwájú, àpò ìsàlẹ̀ ló sì ń gba gbogbo ipá náà. Ìṣó kan tó yọrí lábẹ́ igi á kọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, igi á ṣẹ́, òkìtì á dà lé ẹ̀yìn àga dírẹ́bà.

Àwọn kan á ní kí o gbé jáàkì pálẹ́ẹ̀tì, kẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́ tí a fi ń gbé pálẹ́ẹ̀tì, sínú ọkọ̀, kí ẹnì kan fi fà á wọlé. Mo ti dán an wò. Jáàkì há síwájú, a já gbogbo ẹrù kí a tó yọ ọ́. Ó dáa níbi tí pèpéle bá ga dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ ọkọ̀, tí ẹni tó ń tì í lè dúró lẹ́yìn ẹrù. Bí ẹ ò bá ní pèpéle, gbé pálẹ́ẹ̀tì sí ẹnu ẹ̀yìn, sọ ọ́ kalẹ̀ pátápátá, yọ fọ́ọ̀kì, kí o fà sẹ́yìn. Ìgbà náà ni kí àwọn alábàárù gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí wọ́n to àpò síwájú, kí táyà iwájú má bàa fúyẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà.

Mo ní ìgbà náà, nítorí ohun tí ojú mi rí. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, dírẹ́bà kan jókòó sínú ọkọ̀, ó ń fóònù, kò fa háńbíréèkì. Pálẹ́ẹ̀tì ti wọlé dé ìdajì. Ọkọ̀ yọ́ síwájú, kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Mo gbọ́ tí irin ha irin, etí pálẹ́ẹ̀tì já sílẹ̀, àpò mẹ́ta yọ̀ lé alábàárù tó wà nínú ọkọ̀. Egungun ìhà rẹ̀ méjì ló ṣẹ́. Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀: kò yẹ kí n gbé ẹrù wọlé nígbà tí èèyàn wà nínú. Láti ọjọ́ náà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àpò àyà mi kí n tó gbé fọ́ọ̀kì sókè. Dírẹ́bà á sọ̀kalẹ̀, á dúró níbi tí mo ti ń rí i, a ó sì fi igi dí táyà níwájú àti lẹ́yìn.

Ilẹ̀ Iléṣà ò tẹ́jú, ìwọ náà mọ̀. Tí o bá ń gbé ẹrù gun òkè, ẹrù ni kó kọjú sókè. Tí o bá ń sọ̀kalẹ̀, fẹ̀yìn rìn. Di bẹ́líìtì.

Kọ̀wé padà sí mi, kí o sọ iye kílò tó wà lára irin pẹlẹbẹ forklift rẹ, àti iye mìlímítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn bí àárín ẹrù ṣe jìnnà sí ìdí fọ́ọ̀kì tó. 500 ló sábà máa ń jẹ́. Bí o bá ki fọ́ọ̀kì bọ pálẹ́ẹ̀tì tó gùn ní mìlímítà 1,200, àárín ẹrù ti wà ní 600 nìyẹn, agbára forklift náà ò sì tó iye tí wọ́n kọ mọ́.