Ẹ Bi Mí Léèrè: Ta Ló Gbé Gbohùngbohùn Inú Géèmù Mi Lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan sílẹ̀ fún mi, káàdì ohùn Sound Blaster Audigy 2 ló wà nínú rẹ̀. Windows XP ló wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì máa ń fi gbá géèmù Thief II, níbi tí mo ti ń sá fún àwọn ẹ̀ṣọ́. Tí ẹ̀ṣọ́ bá ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ẹ̀yìn gan-an ni mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹnì kan ti bá mi pa XP rẹ́, tó fi Windows 7 sí i, ohùn ń jáde, àmọ́ ó ti rí pẹlẹbẹ. Ibi tí a ti ń tan EAX, ètò gbohùngbohùn káàdì náà, nínú géèmù ti ràwọ̀ bí eérú, kò ṣeé tẹ̀. Onítọ̀hún ní káàdì ti bàjẹ́, kí n yọ ọ́ sọnù. Ṣé òótọ́ ni?
*Ọmọ Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́*

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má yọ ọ́ sọnù. Káàdì rẹ ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀nà tí géèmù rẹ ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n dí, láti ìgbà tí Windows Vista ti jáde sọ́jà ní 2007. Windows 7 sì bá a bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ti ṣe èmi náà rí. Nígbà tí mo ń gbé ní Under G, lẹ́bàá LAUTECH níbí, Sound Blaster Live! ni mo ní, pẹ̀lú sípíkà kéékèèké mẹ́rin: méjì lórí tábìlì, méjì lójú fèrèsé lẹ́yìn mi. Lóru ọjọ́ kan, mo dúró sínú òkùnkùn nínú géèmù yẹn. Ẹ̀ṣọ́ kan ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, lápá òsì, bàtà rẹ̀ ń dún kò, kò, kò lórí irin. Bó ṣe gun orí kápẹ́ẹ̀tì, ìró ẹsẹ̀ náà lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Àfi bí mo ṣe yí orí padà nínú yàrá mi, tí mo wo fèrèsé! Nígbà tí mo wá gbé Vista sí kọ̀ǹpútà yẹn, iwájú nìkan ni gbogbo ẹsẹ̀ ti ń dún. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń yọ káàdì, tí mo ń fi írésà nu ẹnu rẹ̀, tí mo ń dá a padà. Asán ni.

Bó ṣe rí nìyí. Láyé XP, DirectSound3D, apá kan nínú DirectSound tó jẹ́ ètò ohùn Windows, ni géèmù bíi tìrẹ máa ń gbà bá káàdì sọ̀rọ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó máa béèrè pé ohùn mélòó ni káàdì yìí lè fúnra rẹ̀ gbé. Windows á sọ iye tí agbára káàdì ká fún un, géèmù á sì máa kó ohùn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan dúró sí. Káàdì fúnra rẹ̀ ló ń ṣírò apá ibi tó yẹ kó ti dún. EAX ló ń fi gbohùngbohùn kún un, kí gbọ̀ngàn olókùúta má baà dún bíi yàrá tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí.

Nígbà tí Vista dé, Microsoft tún ètò ohùn kọ láti ìpìlẹ̀. Wọ́n ní ìdí. Driver ohùn, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo káàdì, ń ṣiṣẹ́ ní àárín gbùngbùn Windows, tó bá ṣìṣe, gbogbo ẹ̀rọ ló ń bá a lọ. Ojú kọ̀ǹpútà á di búlúù, iṣẹ́ tí èèyàn ò tíì tọ́jú á sì ṣòfò. Wọ́n wá kó púpọ̀ nínú iṣẹ́ ohùn kúrò níbẹ̀, wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa po ohùn gbogbo ètò pọ̀ kó tó dé káàdì. Ibẹ̀ la ti rí i tí a fi lè dín ohùn ètò kan kù láìfọwọ́ kan òmíràn. Àmọ́ wọ́n gé ọ̀nà DirectSound sí káàdì. Bí Thief II bá ti béèrè iye ohùn tí káàdì lè gbé lónìí, òdo ni Windows ń dá a lóhùn. Òdo yẹn ni eérú tí o rí.

Mi ò bá wọn jà pé wọ́n tún ilé wọn ṣe. Ohun tó dùn mí ni pé wọn ò ṣe afárá kankan fún géèmù tí a ti fowó rà, tí káàdì tó yẹ ẹ́ sì wà lọ́wọ́ wa.

Creative, àwọn tó ṣe káàdì rẹ, ló ṣe afárá náà. ALchemy ni wọ́n pè é. Ògbufọ̀ ni: ó ń gbọ́ èdè DirectSound lẹ́nu géèmù, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí OpenAL, ètò ohùn mìíràn tí kì í ṣe ti Microsoft, tó ṣì ní ọ̀nà tirẹ̀ dé ọ̀dọ̀ driver káàdì. Kọ́kọ́ fi driver Creative fún Windows 7 sí i, má lo èyí tí Windows bá fúnra rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà, ṣí ALchemy. Tí o kò bá rí Thief II nínú àwọn géèmù tó tò sílẹ̀, tẹ Add, kí o fi folder rẹ̀ hàn án, kí o wá tì í sí apá ọ̀tún. Wọ inú folder géèmù náà lọ wò. Tí o bá rí dsound.dll àti dsound.ini níbẹ̀, ògbufọ̀ ti jókòó nìyẹn. Padà lọ tan EAX.

Ẹni tí kò ní káàdì Creative lè wá DSOAL, ògbufọ̀ bíi ALchemy, pẹ̀lú OpenAL Soft, irú OpenAL tí kò nílò káàdì pàtàkì. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìṣirò níbẹ̀, earpiece lásán sì tó o láti gbọ́ ẹ̀yìn àti iwájú.

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi gbá géèmù DOS, ètò àtijọ́ tó ṣáájú Windows, tí mo gbá nígbà èwe mi. Windows 64-bit tó wà lórí láptọ́ọ̀pù wa kò gbà á rárá.
*Bàbá Ìbejì, Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́*

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, Windows 64-bit kì í gba ètò àtijọ́ 16-bit, irú èyí tí ọ̀pọ̀ géèmù DOS jẹ́. Ká tiẹ̀ ní ó gbà á, àwọn géèmù yẹn fúnra wọn ló ń kan ilẹ̀kùn káàdì ohùn láìgba ọwọ́ ẹnikẹ́ni, Windows òde òní ò sì jẹ́ fàyè gba irú ẹ̀. Ẹ lọ gbé DOSBox, ètò tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà DOS àtijọ́, ọ̀fẹ́ ni. Ó tún ń ṣe bíi káàdì ohùn Sound Blaster 16 nínú kọ̀ǹpútà tí kò ní káàdì kankan. Tí géèmù bá bi yín ní ibi ètò ohùn rẹ̀, ẹ mú Sound Blaster 16, kí ẹ kọ 220 sí port, 7 sí IRQ, 1 sí DMA; àwọn nọ́ńbà tí géèmù fi ń rí káàdì náà nìyẹn. Àwọn ọmọ á gbọ́ ohun tí ẹ̀yin náà gbọ́ nígbà yẹn.