"Put off" ju pé kéèyàn pa iná lọ

Àbúrò mi tó béèrè ìtumọ̀ "put off", o ṣeun, ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó wá dá ẹ lóhùn pé pípa iná nìkan ni, ó bí mi nínú o, torí ohun tí tíṣà "lesson" kan ní Lagere kọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà nìyẹn.

Ẹ wò ó, Yorùbá tiwa yìí gan-an ló máa jẹ́ kó yé yín. Tẹ́nì kan bá ní "wọ́n tàn án jẹ", ṣé ẹnì kan jẹ ẹ́ ni? Rárá o. "Tàn" wà níwájú, "jẹ" wà lẹ́yìn, ẹni tí wọ́n tàn wà láàárín, méjèèjì ló wá para pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbà á gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni "put" àti "off" ṣe para pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan, tí Òyìnbó fi ń sọ pé put it off, tí kò jẹ́ sọ put off it láéláé. Ìyá àgbà mi tó ń ta bọ̀ọ̀lì ní Sábó ò mọ ìwé, àmọ́ tó o bá sọ "wọ́n tàn jẹ ẹ́" níwájú ẹ̀, á bi ẹ́ pé níbo lo ti wá. Wọ́n wá ń na ọmọ ní kíláàsì torí pé ó sọ Yorùbá, Yorùbá tó yẹ kó fi mọ gẹ̀ẹ́sì!

Ti iná yẹn, a máa ń lò ó, àmọ́ turn off tàbí switch off ni Òyìnbó sábà máa ń sọ. "Off the light" tí gbogbo yín ń sọ yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sílẹ̀. Tí òórùn ẹja bá lé ẹ nídìí oúnjẹ, ó put ẹ off náà nìyẹn.

Èyí tó ń ṣe èèyàn léṣe ni ti sísún ọjọ́. Lọ́dún 2015, INEC put off ìdìbò ààrẹ, wọ́n sún un láti 14 oṣù kejì sí 28 oṣù kẹta. Ní 2019, òru mọ́jú ọjọ́ ìdìbò gan-an ni wọ́n tún kéde pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, 23 oṣù kejì. Ṣé a ò dìbò ni? A dìbò. Ká ní wọ́n fagi lé e ni, call off là bá pè é.

Àbúrò tèmi gan-an gba lẹ́tà pé wọ́n ti put off ìntáfíù òun "till Thursday". Ó kà á dé put off, ó ká lẹ́tà sápò, ó ní wọ́n ti fagi lé e. Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló wà látàárọ̀ tó ń ta ayò. Ìgbà tó di Fúráídé ló tó mú lẹ́tà wá hàn mí, mo fi ìka lé "till Thursday" yẹn, ó wò ó títí, kò lè sọ̀rọ̀.