Ẹ má fi oògùn ibà ra ẹ̀bùn fún ọmọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Èbúté Mẹ́ta ni mo ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 5, wà ní kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ládùúgbò wa. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni tíṣà wọn máa ń lẹ sítíkà mọ́ àyà ọmọ tó bá wá láti ọjọ́ Ajé. Tí táàmù bá parí, ọmọ tí kò pa ọjọ́ kankan jẹ máa gba báàgì àti kúlà oúnjẹ. Tèmi kò gbà á rí, torí ibà kì í jẹ́ ó gbádùn. Aládùúgbò mi ní òun máa ń fún tòun ní parasítámọ́ọ̀lù láàárọ̀, ara rẹ̀ á sì wálẹ̀ kó tó wọ kíláàsì. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Ọ̀gbẹ́ni tó ń ta oògùn lópòópónà wa náà ní òun ní tọ́níìkì tí kì í jẹ́ kí ọmọ ṣàìsàn. Wọ́n tún ní tí wíwá rẹ̀ kò bá pé, kò ní lọ Pírámárì 1. Ṣebí eré ni wọ́n kàn ń ṣe níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ìyá wa, rárá. Ẹ má dán an wò. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi ní táàmù yìí, inú sì ti ń bí mi. Kì í ṣe sí ẹ̀yin o, sí àwọn tó ń pín ìmọ̀ràn oògùn lẹ́nu géètì ilé-ìwé ni.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú ti Pírámárì 1 kúrò ńlẹ̀. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2013 ya ọdún kan sọ́tọ̀ fún ọmọ ọdún 5 kó tó bẹ̀rẹ̀ Pírámárì, ó sì fi Pírámárì 1 sí ọmọ ọdún 6. Ọjọ́ orí ló ń gbé ọmọ wọlé. Bí ilé-ìwé yín bá ní òfin mìíràn, kí wọ́n fi han yín nínú ìwé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín. Ohun tó rò ni pé bí ara bá ti wálẹ̀, àìsàn ti lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Parasítámọ́ọ̀lù ń dín ara gbígbóná kù, ó ń dín ìrora kù, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ parí sí. Kò pa kòkòrò ibà, kò pa ti èèyi, kò pa ti ọ̀nà ọ̀fun. Wákàtí 4 sí 6 ló fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ fún un lóògùn ní agogo mẹ́fà ààbọ̀, ó to ìlà, wọ́n pe orúkọ rẹ̀, tíṣà sàmì sí rẹ́jísítà, inú yín dùn. Kó tó di ọ̀sán, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré kiri, ó ti gbé orí lé tábìlì, ara ti ń gbóná padà. Tíṣà ò mọ̀ pé ó ti lo oògùn nílé. Bí ẹnì kan bá tún fún un ní ṣíbí mìíràn ní agogo mẹ́sàn-án ńkọ́? Ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn olómi ni parasítámọ́ọ̀lù tún wà nínú rẹ̀, ẹni tó ń fún un lè máà mọ̀. Àlòjù rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Gìrì tún wà níbẹ̀. Láti oṣù 6 sí nǹkan bí ọdún 5 ni ara gbígbóná sábà máa ń fa gìrì fún ọmọdé, parasítámọ́ọ̀lù kò sì dá a dúró. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má rọ àgbo sí i lọ́fun, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Àwọn ọmọ yòókù ńkọ́? Ọmọ tí èèyi mú, èyí tí ojú fi ń pọ́n tí ara sì ń sú, ti lè kó o ran ẹlòmíràn láti ọjọ́ 4 ṣáájú kí ara tó sú títí di ọjọ́ 4 lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí kúlà kan!

Àti pé ta ló sọ fún yín pé ibà ni gbogbo rẹ̀? Lemọ́lemọ́ ni ọmọ ń ṣàìsàn, ẹ sì ń pè é ní ibà láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ká tó tọ́jú ibà. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín, kí wọ́n gún ìka rẹ̀. Olùkọ́ ni mí, n kì í ṣe dókítà. Dókítà tó bá rí ọmọ náà ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn òbí ni pé kí ọmọ lo wákàtí 24 láìgbóná, láìlo oògùn, kó tó padà wá. Tó bá jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì, kó lo wákàtí 48 lẹ́yìn èyí tó ṣe kẹ́yìn. Tí imú bá kàn ń ṣomi lásán, tí ara rẹ̀ yá gágá, ẹ mú un wá.

Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀bùn náà rárá. Ọmọ ọdún 5 kì í jí ara rẹ̀, kì í dá wọ mọ́tò. Àyà ìyá ló yẹ kí wọ́n lẹ sítíkà yẹn mọ́. Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ládìde, ìgbà wo ni yóò gba báàgì? Lọ́dún 1973, Mark Lepper, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tẹ ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe nílé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà. Wọ́n mú àwọn ọmọ tó fẹ́ràn àwòrán yíyà, wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀yẹ oníràwọ̀ fún àwọn kan, wọ́n sì fún àwọn mìíràn lójijì. Nígbà tó yá, tí wọ́n fi ohun ìyàwòrán síwájú wọn láìsí ẹ̀bùn, àkókò tí àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún fi yàwòrán fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdajì ti àwọn yòókù lọ. Àwòrán ni wọ́n wò o, kì í ṣe wíwá sílé-ìwé. Síbẹ̀, mo ti rí ọmọ tó ń sunkún nítorí sítíkà ju nítorí pé kò rí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Eré tí ẹ ní wọ́n ń ṣe, iṣẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n bá ń ka ìdérí kóòkì, ìṣirò ni. Bí wọ́n bá ń bu omi láti ife sí ife, wọ́n ń mọ púpọ̀ àti díẹ̀. Tí wọ́n bá ń dúró de ẹni tí ọwọ́ kàn nínú àlọ́, wọ́n ń kọ́ sùúrù. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ Ajé tí ẹ fi ń sinmi ówàmbẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta fi ń dùn mí ju ọjọ́ àìsàn lọ. Ìyẹn ni kí ẹ dín kù. Ẹ má sì torí pípẹ́ gbé e sórí ọ̀kadà: láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ wà yẹn.

Ní ti tọ́níìkì, kò sí oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí ọmọ ṣàìsàn. Nọ́ńbà NAFDAC tó bá wà lára ìgò náà kò sọ pé ó lè ṣe ohun tí ọ̀gbẹ́ni yẹn ní ó ń ṣe. Ẹ fi owó rẹ̀ ra nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti ọṣẹ ìfọwọ́, kí ẹ sì mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ náà dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.