Ẹ má tíì mú ìwé kankan: ìdáhùn fún olùkọ́ tó fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa kàwé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Àwọn ọmọ 100 level ni mò ń kọ́ ní Use of English ní yunifásítì kan ní Ìlọrin níbí. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò dán mọ́rán. Mo fẹ́ kí wọ́n máa ka ìwé ìtàn ńlá kan ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa wo gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọn ò mọ̀ nínú díkíṣọ́nárì, kí n sì máa dán wọn wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní extensive reading nìyẹn. Ìwé wo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì mú ìkankan. Ohun tí ẹ là sílẹ̀ yìí kọ́ ni extensive reading, òdì kejì rẹ̀ ni. Extensive reading ni pé kí ọmọ ka ìwé púpọ̀, kí ìwé náà rọrùn fún un, kó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló yàn án, kó sì máa kà á nítorí ìtàn inú rẹ̀.

Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí, ohun kan náà ló sì wà nídìí rẹ̀: wọ́n gbà pé ìwé tó le ló ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Irọ́ ni. Ìgbàgbọ́ yìí náà làwọn tó ń ta ìwé pélébé ẹgbẹ̀rún gírámà ńlá lẹ́nu géètì fi ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. Ó ń bí mi nínú. Ọmọ á há igba ọ̀rọ̀ sórí, kò ní lè kọ lẹ́tà ojú ewé kan kó já geere.

Ọmọbìnrin kan gbé ìwé ìtàn wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ojú ewé 11 ló dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Pẹ́ńsù ti sọ ojú ewé náà di dúdú, orí ìlà gbogbo ló kọ ìtumọ̀ Yorùbá sí. Mo bi í pé kí ló gbé bàbá inú ìtàn náà kúrò nílé. Ó wo ìwé, ó wò mí, omi lé ròrò sí i lójú. Ó mọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìtàn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwádìí tí Hu àti Nation, àwọn onímọ̀ nípa kíkọ́ èdè, ṣe ní ọdún 2000 fi hàn pé ènìyàn ní láti mọ nǹkan bí 98 nínú 100 ọ̀rọ̀ ìtàn kó tó lè yé e dáadáa láìsí olùrànlọ́wọ́. Bí ojú ewé bá ní ọ̀rọ̀ 300, mẹ́fà péré ló yẹ kó ṣàjèjì. Ọ̀rọ̀ tí a ti mọ̀ ni onílé, àwọn ló ń júwe àjèjì fúnni. Bí àjèjì bá pọ̀ ju onílé lọ, ta ló máa júwe ta? Àwa tí a ti ilé kéwú wá ṣáà mọ̀ ọ́n: lẹ́yìn Fátíhà, àwọn súrà kéékèèké ẹ̀yìn Kùránì la fi ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí áàfáà tó ń gbé Bákárà, súrà tó gùn jù, fún ọmọ lọ́jọ́ kìíní.

Ìwé tí ẹ ń wá ni wọ́n ń pè ní graded readers, tí wọ́n dìídì kọ ní ìpele ìpele. Nínú òmíràn, nǹkan bí 400 ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọmọ ní láti mọ̀ fún ìpele ìsàlẹ̀, ó sì ń lọ títí dé 2500 lókè. Kì í ṣe ti ọmọdé o: ìtàn ìfẹ́ àti ti ọ̀daràn kún inú wọn.

Ẹ kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú páálí, kí kálukú mú èyí tó wù ú, kó sì dá a padà bí kò bá dùn. Ẹ yọ ìṣẹ́jú 15 nínú kíláàsì fún kíkà, kí ẹ̀yin náà jókòó ka tiyín. Kí wọ́n kọ àkọlé ìwé àti gbólóhùn kan nípa rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Ó tán. Ẹ má dán wọn wò lórí rẹ̀.

N ò ní kí ẹ ju díkíṣọ́nárì nù, iṣẹ́ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún HOD yín, olórí ẹ̀ka yín, kí ẹ tó yí ohunkóhun padà nínú máàkì. Ẹ má ṣe fọ́tókọ́pì odidi ìwé, ó lè dá ẹjọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì, èyí kò ní gbà á: oṣù lórí oṣù ló fi ń ṣiṣẹ́.

Ọmọbìnrin yẹn, ìwé tín-ín-rín kan ni mo fún un ní Ọjọ́bọ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń bi mí bóyá mo ní òmíràn.

Nítorí náà, kí ẹ tó náwó, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé kan, kó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀. Ẹ ka iye ìlà náà. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ìwé tí ẹ máa rà.